Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Ń Fi Ipò Aṣọ́lé Mi Ṣeré

                                        Ilé Kọkànlá, Ẹ́sítéètì Ìrọ̀rùn,
                                        Lokogoma,
                                        Àbújá.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Kúnbi mi, ọ̀rẹ́ tó mọ inú mi,

Báwo ni o ṣe wà? Ṣé ara le? Ṣé Màmá àgbà ń sùn dáadáa, àbí orúnkún ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn, má kàn dúró gbagidi kí wọn bíi ti àwa ọmọ Àbújá. Ṣé omi Adó ti bá ẹ lára mu? Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ṣì ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀? Nítorí wọn ni mo ṣe fi Yorùbá kọ èyí, kí àwa méjèèjì lè jọ máa kọ́ ọ. Tí mo bá ṣì í, rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má fi han ẹnikẹ́ni.

Àwa náà wà. Mọ́mì kí ẹ. Dádì wà, ọ́fíìsì ní òwúrọ̀, ìpàdé ìjọ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi náà wà, tí èèyàn bá lè pe èyí ní wíwà. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé mi ṣì wà níbi tí o mọ̀ ọ́n sí. Láti ìgbà tí mo ti fi SS2 sílẹ̀ mi ò tíì padà, Dádì sì ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Tí gbogbo èèyàn bá ti jáde ní òwúrọ̀, ilé á dákẹ́ dé bi pé mo máa ń gbọ́ tí fíríìjì ń mí. Kúnbi, láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ rán mi níṣẹ́ ni inú gémù bọ́ọ̀lù yẹn. Mo mọ̀ pé o máa ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

O rántí pé àwa márùn-ún la jọ ń gbá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú nílé rẹ̀, kálukú ń darí agbábọ́ọ̀lù kan. Babátọ́pẹ́ tó ń gbé ní Wuye ni kápútéènì wa. Èmi ni aṣọ́lé. Mo fẹ́ràn ipò yẹn nítorí aṣọ́lé kì í sá kiri, ó kàn ń dúró, ó ń wo gbogbo ayé, bí èmi gan-an. Ṣùgbọ́n ráótà kékeré tí Dádì fi síímù sí, agbára rẹ̀ ti tán. Bọ́ọ̀lù á ti wọlé, àwọn tó gbá a á ti máa jó, kí aṣọ́lé mi tó fò. Á wá fò gẹ́rẹ́, á lọ dùbúlẹ̀ sórí koríko níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí à ń bá gbá á máa pariwo pé, "Ẹ jí aṣọ́lé yín o!"

Babátọ́pẹ́ ò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ó kàn sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ìdíje ń bọ̀, pé òun máa dán èmi àti ọmọkùnrin kan láti Jabi wò ní Sátidé, ẹni tó bá dáa jù ni yóò ṣọ́lé. Ó ní, "Hadassah, mi ò lè fi ẹni tó ń dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú ṣọ́lé."

Mo sunkún. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mi ò fi nǹkan pamọ́ fún ẹ rí.

Lẹ́yìn ẹkún ni ìbéèrè kan wọ orí mi tó kọ̀ tí kò jáde: láàárín ìgbà tí mo bá tẹ bọ́tìnì àti ìgbà tí aṣọ́lé bá fò, níbo ni ọ̀rọ̀ mi máa ń wà? Ó ní láti wà níbì kan, àbí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ló ń sọ pé tiwọn yára. Mo bi obìnrin kan pé, "Ẹ̀yin mà, ó yára láti lọ, ṣé ó yára láti bọ̀?" Ó ní kí n dúró, ló bá fi orin sí mi létí. Orin yẹn ni mo gbọ́ títí tí owó fóònù mi fi tán.

Babátọ́pẹ́ ló là á yé mi. Kọ̀ǹpútà tó ń darí gémù náà wà ní òkè òkun. Tí mo bá tẹ bọ́tìnì ní Lokogoma, ọ̀rọ̀ náà á lọ sí Èkó, á wọ abẹ́ òkun, á dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, á tún padà wá bá mi. Iye àkókò tí àlọ àti àbọ̀ yẹn ń gbà ni wọ́n ń pè ní píǹgì. Kúnbi, abẹ́ òkun! Èmi tí mi ò dé Lọ́kọ́jà rí! Mo sáré lọ sọ fún Mọ́mì ní kíṣíìnì. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tó lọ sí òkè òkun ti dé, iyọ̀ tí mo rán ẹ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò kò tíì dé."

Mo wá rí i pé nǹkan méjì ni wọ́n ń pè ní yíyára. Ọ̀kan dà bíi tírélà, ó lè kó fíìmù odindi lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń fara balẹ̀ yí kọ́nà. Èkejì dà bí ọ̀kadà, ẹrù kékeré ló gbé, ṣùgbọ́n ó ti dé. Gémù kò nílò tírélà. Mo wá ń wo gbogbo òrùlé ẹ́sítéètì wa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Àwọn kan fi síímù bíi tiwa. Àwọn kan gbé àwo tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ní àwo funfun kékeré tó kọjú sí òpó gíga tó wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì.

Ta ló ni òpó? Ẹ̀gbọ́n Adékúnlé ni. O mọ̀ wọ́n, àwọn tó máa ń gba àdúrà ìdúpẹ́ gùn nínú ìjọ wa, àwọn náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Dádì. Nígbà tí mo bẹ Dádì pé kí a pààrọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ìlú wa, ọmọ ìjọ wa. Ta la tún fẹ́ fún?" Wọ́n tún ní àwọn ti gbé e síwájú Olúwa. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n rán òṣìṣẹ́ wọn wá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ó so àwo mọ́ òrùlé, ó ní kí a dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣí gémù, mo tẹ̀ ẹ́, aṣọ́lé fò lójú ẹsẹ̀. Mo pariwo! Mo dá nìkan jó nínú pálọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi dé orí gémù ní ìrọ̀lẹ́, ó tún di ti àtẹ̀yìnwá, ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dáa. Ìrọ̀lẹ́, ó bàjẹ́. Mo rò pé òjò ni. Òjò ò rọ̀. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ni. A ò tan jẹnẹrétọ̀. Inú bí mi, mo jáde lọ jókòó síwájú géètì, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Mọ́tò àwọn ará ẹ́sítéètì ń wọlé tẹ̀ léra wọn láti ọ́fíìsì, gbogbo wọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àmì mínísírì lójú gíláàsì. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe tí wọ́n bá wọlé? Wọ́n ń tan tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ń gbé fóònù.

Mo wọ ilé ọ̀gbẹ́ni tó kángun sí wa, mo kí wọn, mo béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń fún yín ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì?" Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n Adékúnlé ni o! Tiwa ni tiwa." Mo lọ sí ilé kejì. "Ẹ̀gbọ́n wa ni." Gbogbo àdúgbò! Òpó kan ṣoṣo, gbogbo ọmọ ìlú àti gbogbo ará ìjọ rọ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ tí ilé ṣófo ni òṣìṣẹ́ wá fi hàn wá pé ó dùn. Kúnbi, ìfẹ́ ará ló ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn.

Ilé tó wà lẹ́bàá géètì nìkan ló yàtọ̀, ilé Àǹtí Ràdíátù, ará Ìlọrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti inú ilé. Tiwọn jẹ́ wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti títì. Wọ́n jẹ́ kí n fi fóònù mi dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú.

Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ọmọ kékeré kì í jókòó máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọjà ọmọ ìlú wọn ò dáa. Mọ́mì ni mo sọ fún. Wọ́n rò ó, wọ́n ní, "Kì í ṣe ẹnu rẹ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Jẹ́ kí ojú tiwọn rí i." Wọ́n bá pe Ẹ̀gbọ́n Adékúnlé wá jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Lẹ́yìn iyán, Mọ́mì ní kí n fi gémù náà han Ẹ̀gbọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo gbé páàdì gémù lé wọn lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ bá wa ṣọ́lé, sà. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ẹ tẹ èyí." Wọ́n ká apá agbádá. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Lẹ́yìn náà ni aṣọ́lé fò.

"Mo tẹ̀ ẹ́!" ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ó tún wọlé.

"Mo tẹ̀ ẹ́ o! Hadassah, ṣé o rí mi? Mo tẹ̀ ẹ́!"

Dádì tó ń fi igi ta eyín ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé àná lẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbá a títí tí gólù fi kún àwọ̀n, òógùn ń bọ̀ lójú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé páàdì sílẹ̀, wọ́n wo òpó wọn láti ojú fèrèsé. Dádì fẹ́ bò wọ́n láṣìírí, wọ́n ní, "Kò burú, Ẹ̀gbọ́n, a ó gbàdúrà sí i."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà sí èyí, ọmọ ìyá mi. Òpó kan ò lè gbé gbogbo wa. Mo ń gbèrò láti fi òmíràn kún un, ẹ̀yin náà sì ń fi ìfẹ́ sáré wọ̀ ọ́." Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. "Nílé mi gan-an, wáyà abẹ́ ilẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mi ò gbà fún mi. Àwọn náà ń gbá nǹkan yìí."

Dádì yọ igi kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀yin náà!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ́mì fi jáde wá wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dádì ti pe àwọn oníwáyà. Wọ́n ní tí àwọn ilé mìíràn ní òpópónà wa bá gbà pẹ̀lú wa, àwọn á wa ilẹ̀ wọlé. Dádì ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé báyìí, bí ẹni ń wàásù.

Ṣùgbọ́n Sátidé ò dúró dè wá. Àǹtí Ràdíátù ní kí n gbé gémù mi wá sí pálọ̀ àwọn. Ọmọkùnrin Jabi ló kọ́kọ́ ṣọ́lé. Gólù tó bá ti wọ̀ ọ́, á pariwo pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì!" Ó kàn mí. Mo tẹ̀ ẹ́, aṣọ́lé fò. Mo tẹ̀ ẹ́, ó mú un. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ, ó dà bíi pé ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara mi. Àyà mi wá balẹ̀ jù. Bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ jẹ́jẹ́, èyí tí ọmọ ìkókó lè mú. Mo fò sí ọ̀tún. Ó gba òsì wọlé.

Babátọ́pẹ́ ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo píǹgì nígun ojú tẹlifíṣọ̀n, ó dára bí nǹkan míì. Mo ní, "Rárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Èmi ni. Ọ̀tún ni mo rò pé ó ń lọ."

Mo ti ń múra láti yọ ẹ̀rọ tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ kúrò létí kí wọ́n má gbọ́ ẹkún mi, ni Babátọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Láti ìgbà tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ yìí, gbogbo gólù tó wọlé wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbá a. Òní ni èèyàn kan kọ́kọ́ gbà pé òun ló jẹ ẹ́." Ó ní, "Èyí tó bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Èyí tó jẹ́ tìrẹ, mo lè kọ́ ẹ. Ìwọ lò ń ṣọ́lé. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a ni kí o máa wò, má wo bọ́ọ̀lù."

Ẹsẹ̀! Ìwọ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo jókòó síwájú géètì lẹ́yìn ìsìn òní, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Òótọ́ ni. Kí ọmọ tó gbá a, ẹsẹ̀ kejì tó fi dúró ti tọ́ka síbi tó fẹ́ gbá a sí. Mo ń sọ ọ́ sábẹ́ ẹnu: òsì, ọ̀tún, òsì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló rí bí mo ṣe sọ. Mi ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Mọ́mì ló wá pè mí.

Bọ̀dá Titus tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Jabi lọ́la. Mo fi kílíṣí sínú báàgì wọn fún ẹ. Tó bá dín, bi wọ́n. Bá mi kí Màmá àgbà, bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ tuntun tó o sọ pé ó máa ń fún ẹ ní gúgúrú, ṣùgbọ́n má kí i jù.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò rí ẹni bíi tìrẹ ní gbogbo Lokogoma,
Hadassah.