Àwòrán Rere Tí Mò Ń Wá fún Abdulmujeeb

Gàmbàrí, Ìlọrin.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Salimat Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Àbújá tí o wà yẹn, kí oòrùn ibẹ̀ má pa ọ́ lára, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ má kórìíra rẹ, àmín. Ara ìyá rẹ le díẹ̀. Òjò ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì sì ń gba ibẹ̀ wọlé wá jẹ èlùbọ́ tí a sá. Èmi gan-an ni mi ò gbádùn. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ni, torí bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú agboolé yìí, gbogbo ilé ní ń gbọ́.

O mọ̀ pé ó di oṣù méje tí Abdulmujeeb àbúrò rẹ ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, tó ní òun ń lọ Ítálì. Láti ìgbà tó ti pè wá láti ìlú tí wọ́n ń pè ní Agadez, a ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Mò ń kọ̀wé sí i lórí Wasáàpù lójoojúmọ́, àmì kan ṣoṣo ló máa ń yọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní tó bá di méjì, ó ti dé ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Post Office, mo ní èló ni wọ́n ń ta àmì kejì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú mi, ó gbé àga fún mi.

Ohun tó ń ṣe mí rèé. Bí mo bá jókòó ti fìlà tí mò ń rán, màá ṣàdédé rí Abdulmujeeb nínú iyanrìn, ètè rẹ̀ á ti bó, á máa bèèrè omi lọ́wọ́ mi. Àyà mi á máa lù kìkìkì, òógùn á bò mí, abẹ́rẹ́ á gún mi lọ́wọ́. Fìlà funfun mẹ́ta ni mo ti fi ẹ̀jẹ̀ bàjẹ́. Àfáà wa ní wásíwásí ni, ọ̀rọ̀ tí èṣù ń sọ síni lọ́kàn, kí n máa ka súrà Kúl-aúsù méjèèjì. Mò ń kà á, ọkàn mi á sì rọlẹ̀ títí n ó fi kà á tán.

Ni mo bá lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Asabe fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní láti orí òdo dé mẹ́wàá, kí n kọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó. Mo kọ mẹ́wàá. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, torí láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá rí. Ṣùgbọ́n ńṣe ni Asabe mi orí. Ó ní bí àwòrán burúkú yẹn bá ti ń bọ̀, kí n sọ fún un pé ó tó, kí n fi àwòrán rere rọ́pò rẹ̀, kí n wò ó dáadáa, kí n sì máa mí díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti gba àwòrán náà. Ó ní rárá, èmi fúnra mi ni n ó wá a.

Mo wá a o. Mo fẹsẹ̀ rìn dé GRA, kí n lọ wo ilé tó dára tí n ó fi Abdulmujeeb sí. Mo dúró níwájú ilé kan tó ní òdòdó pupa, mò ń há a sórí bí ẹni ń há Kùránì. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì wá bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní àwòrán ni, pé ọmọ mi ni mo fẹ́ fi síbẹ̀. Ó ní kò sí àyè fún ọmọ mi níbẹ̀, kí n máa lọ kí òun tó tú ajá. Mo délé, mo di ojú, mo fi Abdulmujeeb sínú ilé náà, àfi bí ọlọ́dẹ yẹn ṣe yọ. Nínú orí mi pàápàá, ó ń lé e.

Nígbà tí mo padà lọ, Asabe ò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi ilé olówó sílẹ̀, kí n mú ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo wá mú àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tó jókòó tì mí, tó ń fa imú, tó ń fi itọ́ rin ṣóńṣó òwú kó tó kì í bọ ihò abẹ́rẹ́ fún mi. Ìyẹn dúró. Ó dúró tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ bi mí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kí òun náà wá tirẹ̀. Ó ní òun ò rí Abdulmujeeb nínú iyanrìn rí, inú òkun lòun máa ń rí i. Salimat, mi ò ronú kan òkun rí. Láti ọjọ́ náà, méjèèjì ni mò ń rí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, ìyá rẹ ò sì mọ̀ pé mò ń bi ọ́. Lọ́jọ́ Iléyá tí o pè wá, ẹkún wà lóhùn rẹ, o ní ọ̀fìnkìn ni. Bí o bá ti gbọ́ nǹkan nípa àbúrò rẹ, jọ̀ọ́, má fi pamọ́ fún mi. Òdodo lè burú, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń jẹ́.

Bá mi fi owó káàdì ránṣẹ́. Wọ́n ní fóònù kì í jẹ owó ẹni tí wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ dán an wò? Bí Abdulmujeeb bá pè, mo fẹ́ kó bá owó nínú rẹ̀.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Kò ní jẹ́ kí n máa fi ojú inú wá ìwọ náà. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Hassan.