Oúnjẹ Orí Òkè Tí Mo Fi Ṣe Sàráà

Sí Abdulqoyum ọmọ mi, ní Dopemu,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ kọ́ńpìnì ike yẹn ń lọ dáadáa ní Ìkẹjà? Ọlọ́run Ọba tó mú mi wọ Agége láìní bàtà lẹ́sẹ̀, tó sì mú mi jáde níbẹ̀ ní ọ̀gá oníbúrẹ́dì, kò ní jẹ́ kí àárẹ̀ mọ ojú ọ̀nà rẹ. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ funfun bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná sì ń jò.

Ó yá, jẹ́ kí n bá ọ wí. Lánàá tí mo pè ọ́, ṣe ni o ń pariwo mọ́ mi pé kí ni mo fi ṣe sàráà, kí n tó dáhùn, fóònù ti kú. Èmi, tí gbogbo oníbúrẹ́dì Dopemu ń dọ̀bálẹ̀ fún! Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí rán Lukman onímọ́tò, nítorí ìwé kò ṣeé pa mọ́ èèyàn létí.

O fi páálí kan ránṣẹ́, o ní kí n tọ́jú oúnjẹ inú rẹ̀ di Sátidé tí ẹ̀yin sárésáré yóò gun Òkè Olóbì lẹ́yìn abúlé wa, pé èmi ni màá dúró lókè, tí màá máa nà án sí ọ bí o bá ń kọjá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Mùsùlùmí bá fẹ́ rin ìrìn tó léwu, tó wá fi oúnjẹ ṣáájú ara rẹ̀ wálé, kí ni à ń fi oúnjẹ ọ̀hún ṣe? Mo pe Alfa Nùréènì àti àwọn àgbà mọ́sáláásí, mo pín in, wọ́n sì ṣe àdúà fún ọ títí ohùn wọn fi há.

Oúnjẹ náà pàápàá, Abdulqoyum! Nǹkan kan tó ń fà bí àtè, nínú ọ̀rá tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Alfa ti fi pa irùngbọ̀n kí Uswat àbúrò rẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà fún wa pé ẹnu là ń fà á sí. Iyọ̀ wà nínú hóró bí oògùn ibà. Bàbá Ọlárónkẹ́ tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lá lára ọ̀rá yẹn, ó ro oko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tán, ó bọ́ sí ti aládùúgbò, ìyàwó rẹ̀ ní kí n wá dá a dúró.

O sọ fún ìyá rẹ pé sárésáré orí òkè kì í dúró de ebi, pé bí ebi bá fi lè dé, agbára ti tán nìyẹn, pé díẹ̀díẹ̀ lẹ ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, nǹkan dídùn, nǹkan oníyọ̀, omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ebi má tíì wọlé kí èèyàn ti máa jẹun dè é bí ẹni ń ṣọ́ olè, àṣejù nìyẹn. O tún ní ò ń kọ́ inú rẹ láti máa gba oúnjẹ lórí eré. Inú wo ló ń lọ ilé-ìwé? Lukman rí ọ ní Onígbòǹgbò, ìrẹsì tútù nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ, ò ń sáré, ò ń jẹ. Ó ní àwọn tó ń dúró de mọ́tò bá ọ sáré, wọ́n rò pé ìjà ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ṣínà, ọmọ aládùúgbò wa, fi ọ́ hàn mí nínú àwòrán ọ̀nà orí fóònù, nǹkan pupa bí èèrà, ó ní ìwọ nìyẹn. Mo ń wò ọ́, o yí ilé kan ká, o tún yí i ká. Ojú tì mí. Èmi tí mi ò béèrè ọ̀nà rí ní Agége, ọmọ mi wá sọnù ní Onígbòǹgbò! Nígbà mìíràn, béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà.

Àfi ìgbà tí ìyá rẹ sọ fún mi pé lọ́dún tó kọjá, lórí òkè ibòmíràn, ebi dá ọ dùbúlẹ̀ sórí àpáta títí wọ́n fi gbé ọ sọ̀kalẹ̀. O ò sọ fún mi. Ebi gbé ọmọ oníbúrẹ́dì ṣubú! Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́ látìgbà náà.

Nítorí náà, má fi páálí mìíràn ránṣẹ́. Ìyá rẹ ń ṣe àádùn, ó fi oyin àti iyọ̀ sí i, yóò sì po ẹ̀kọ gbígbóná tí màá gbé dání. Mo ti ra dàbínù. Èmi fúnra mi ti dáná sí ààrò búrẹ́dì ẹ̀yìn ilé. Mo sì ti gbé àpótí ìjókòó, ẹní àti búta omi lọ sórí Òkè Olóbì, nítorí nínú ilé tèmi, a kì í jẹun lórí ìrìn bí ewúrẹ́. Bí o bá dé, jókòó, ṣan ọwọ́, ṣe bísímílà, jẹun, kí n wò ọ́ lójú. Àwọn tó bá fẹ́ kọjá, kí wọ́n kọjá. Bí ebi bá ń pa wọ́n, kí àwọn náà yà.

Fi owó ìyẹ̀fun àti ti páànù ilé ìdáná rán Lukman. Má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tí o ní o fi sí i lóṣù tó kọjá, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ọlọ́run yóò fún ẹsẹ̀ rẹ ní agbára, kò ní jẹ́ kí òkè borí rẹ. Mo fẹ́ kí o ṣe ipò kìíní, ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ti sọ̀kalẹ̀ tí o ò tíì dé, mi ò ní dìde lórí àpótí yẹn. Bí ẹ̀kọ bá tutù, màá tún gbé e kaná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàájì Tẹ́júọlá Oníbúrẹ́dì.