Oko, Oko

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníru tún ti dé pẹ̀lú CMake rẹ̀, irinṣẹ́ tó ń kó áàpù jọ. Hakeem ni mò ń wí. Ó jókòó sí ọ́fíìsì tútù ní Oníru, ó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ tí èmi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe áàpù Ohùn yìí — ìwé atúmọ̀ èdè tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Àwọn ìlà àṣẹ tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ di ohun tí èèyàn lè fi sórí ẹ̀rọ. Ìbílẹ̀ ni mo sọ wọ́n. Ìbílẹ̀ ò já mi kulẹ̀ rí!

Hakeem ní orí ẹ̀rọ Linux tèmi nìkan ni Ìbílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Pé Mac òun ò gbà á, Windows Fikáyọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, náà ò gbà á. "Àǹtí Ràhmát, ẹ jẹ́ ká mú build system tó máa ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, abeg." Abeg kẹ̀!

Ìṣẹ́gun, 7

A dìbò. Méjì sí ọ̀kan. Èmi ni ọ̀kan yẹn. Tí CMake bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ wa jọ láìsí àbùkù kó tó di Àìkú, òun ló wọlé. Ká máa wò ó.

Ọjọ́rú, 8

Mo yà sílé Bọ̀sún àbúrò mi ní Ajah lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá wa wà láti oṣù karùn-ún, tí rọpárọsẹ̀ ti mú ohùn wọn lọ, tí a gbé wọn kúrò nílé àtijọ́ ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, níbi tí a sin Bàbá sí. Ohùn Màmá ló wà nínú áàpù náà. Ẹgbẹ̀fà ọ̀rọ̀ ni wọ́n kà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ara ṣì le. Ní báyìí, tí wọ́n bá fẹ́ sọ nǹkan, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù, ohùn tiwọn á sì jáde. Omi. Ó tó. Iná ti lọ. Kí Hakeem wá máa fi èyí dán nǹkan wò? Láéláé.

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lónìí, bí ojoojúmọ́. Oko, oko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nígbà gbogbo. Bọ̀sún pariwo láti kíṣìnnì, "Màmá, a ò ní oko mọ́ o! Wọ́n ti kọ́lé sórí ẹ̀ tipẹ́!" Màmá ju fóònù sórí àga. Bọ̀sún rọra sọ fún mi pé ọpọlọ wọn ti ń lọ. Mo bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n títí mo fi délé ni mò ń rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 9

Inú ṣì ń bí mi. Sí gbogbo wọn.

Jímọ́ọ̀, 10

Mo sọ bẹ́ẹ̀! CMake kọ̀. Ó kó o dé àárín, ó dúró gbagidi, ó ní nǹkan méjì fẹ́ di fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ "oko". Àmì ohùn dà? Àmì ìsàlẹ̀ ọ dà? Irinṣẹ́ tí kò mọ ọ yàtọ̀ sí o ló fẹ́ wá kó Yorùbá jọ fún wa. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí Hakeem, mo sì lo àwọn ọ̀rọ̀ kan tí Màmá ò kà sínú áàpù.

Ó fèsì pé: "Àǹtí, kì í ṣe CMake ló bọ́ àmì yẹn o. Orúkọ tí Ìbílẹ̀ yín fún un ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ check line 41."

Mi ò wo nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta, Ìbílẹ̀ ò ṣàròyé lẹ́ẹ̀kan. Ṣé èmi ló wá jẹ̀bi?

Àbámẹ́ta, 11

Mo wo ìlà 41.

Àìkú, 12

Èmi ni. Orúkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: bọ́ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ fáìlì. Mo tiẹ̀ kọ àlàyé sí i, "àmì ò ṣe pàtàkì níbí." Èmi, Ràhmát! Ìkánjú ni. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, oko — orúkọ kan náà ni mo fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ń pa èkejì rẹ́, èyí tí Màmá kà kẹ́yìn ló sì ṣẹ́kù. Oko. Ìbílẹ̀ ń rí i, ó ń dákẹ́. CMake rí i, ó kọ̀, mo sì bú u. Ẹgbẹ̀fà ọ̀rọ̀ wọlé, èyí tó jáde ò tó ẹgbẹ̀rún.

Mo tún un ṣe. Mo bẹ Hakeem. Mẹ́ta sí òdo, CMake wọlé.

Lọ́sàn-án mo gbé áàpù tuntun lọ fún Màmá. Etí nìkan la fi ń gbọ́ wọn láti ọjọ́ yìí wá. Lónìí mo jókòó tì wọ́n, mo wo ìka wọn. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ̀.

"Ọkọ."

"Ọkọ̀."

Oṣù márùn-ún. Wọ́n ní ká gbé mọ́tò, ká gbé wọn lọ sídìí sàréè Bàbá. Àwa ń dá wọn lóhùn pé a ò ní oko mọ́.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n tún tẹ èkejì, kíkankíkan. Bọ̀sún ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.