Ṣọ́kù Méjì Lórí Sitiárìn Kan

                                        Àgọ́ Ọlọ́kọ̀,
                                        Lẹ́yìn Quartzsite,
                                        Arizona.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2019.

Clyde, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, o ò ní gbà á gbọ́, Norma ìyàwó ẹ náà ò ní gbà á gbọ́. Ajá yín nìkan ló lè gbà á, torí òun ti wọ ọkọ̀ mi rí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Idaho? Orúnkún ẹ ńkọ́? Àwọn màlúù ńkọ́? Ṣé yìnyín ò tíì di ilẹ̀kùn mọ́ yín? Ara Darlene ìyàwó mi le níbí, ẹnu ẹ̀ náà sì mú dáadáa.

O mọ̀ mí, mi ò lè jókòó sójú kan. Tí mo bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú àgọ́ kan, ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra ọkọ̀ tá à ń sùn sí yìí, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ló ń fà á, tí mo sì fi sípánà ọwọ́ mi gbé e ga bí ẹni pé òjò Nóà ń bọ̀. Àtìgbà tí mo ti gbé e ga ni wàhálà ti dé. Tó bá ń sáré, tó wá kọlu gegele kan báyìí, iwájú ẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì, sitiárìn á máa jà mọ́ mi lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ, àwo á máa já bọ́ lẹ́yìn. Ìgbọ̀n ikú là ń pè é níbí, wọn ò sì ṣì í pè.

Ọ̀nà Yuma ló ti gbọ̀n gbẹ̀yìn. Darlene sọ̀ kalẹ̀ létí títì, ó tún irun ẹ̀ ṣe, ó ní, "Merle, ọmọ wa fẹ́ bímọ ní Oregon, mo sì fẹ́ débẹ̀ láàyè. Tí nǹkan yìí bá tún dẹ́rù bà mí, a máa tà á. Wàá padà wá máa gbé inú ilé bí èèyàn gidi."

Clyde, inú ilé! Mo sáré lọ wá ìmọ̀ràn.

Nínú àgọ́ yìí, kò sẹ́ni tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹnì kan ní kí n so ṣọ́kù, irin tó ní gáàsì nínú, mọ́ sitiárìn, kó lè mú un dúró. Mo so ó. Gáàsì inú ẹ̀ wá ń ti táyà sósì, tí mo bá dẹwọ́ báyìí, ọ̀nà Mexico lọkọ̀ ń wá. Ẹlòmíì ní kí n so ìkejì kó dojú kọ ti àkọ́kọ́. Mo so ìyẹn náà. Sitiárìn wá le gbagidi.

Láàárọ̀ àná, mo gbé Darlene pé ká lọ dán an wò. Mo yí i sọ́tùn-ún ká lè jáde nínú àgọ́. Sitiárìn lọ, kò bọ̀. Mo fà á, ó kọ̀. Kí n tó tẹ búréèkì, a ti wà láàárín oúnjẹ àárọ̀ Verna, ìyá àgbà tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Táyà gun àga ẹ̀, ìkòkò ẹ̀wà dojú dé.

Darlene ní, "Mo ti tà á."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n kò gbọ̀n! Ṣé o rí i pé kò gbọ̀n?"

Verna dúró síbẹ̀ tòun ti kọ́fí lọ́wọ́. "Merle, káàbọ̀. Ò bá ti sọ pé ò ń bọ̀, ǹ bá ti sè é pọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n máa yí sitiárìn. Irin gbọọrọ tó yẹ kó di iwájú ọkọ̀ mú ń jó nídìí! Ìka méjì péré ló fi tú nọ́ọ̀tì ẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan èyí gbẹ̀yìn?"

Mo wo òkè. Darlene wò mí. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Verna dè é le, ó tú ṣọ́kù méjèèjì dànù, a sì lọ sọ́nà Yuma, a bọ̀. Kò gbọ̀n rárá. Ọ̀la là ń gbéra lọ sí Oregon. Bá mi kí Norma, bá mi fọwọ́ pa ajá lórí, kó o sì tọ́jú orúnkún yẹn.

Wàá ní ọ̀rọ̀ títà ńkọ́? Darlene ṣì ń ṣe iyè méjì, ló bá bi Verna bóyá kóun ta ọkọ̀ náà. Verna ní:

"Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Sípánà Merle ni kó o tà."

Ọ̀rẹ́ ẹ tí ò ní sípánà mọ́,
Merle.