Nítorí Apá Tíṣà Àdùkẹ́ Tí Mo Wọ̀n

Ṣógúnlé, Òṣòdì.

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àárò wa. Ẹ bá mi kí Bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Ẹ̀gbọ́n Ràímì àti ìyàwó wọn, ẹ kí gbogbo ará ilé wa ní Kùmásí. Ara mi le. Inú ló ń bí mi.

Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi ti bá yín. Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n Ràímì ló kọ̀wé sí mi pé àárín agboolé ni wọ́n ti ka lẹ́tà tí Bàbá Kékeré fi ẹjọ́ mi sùn, tí àwọn tó wá ra iyọ̀ pàápàá dúró gbọ́. Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn mi síta, kí wọ́n ka èsì mi síta. Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ ní Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa ń wá ẹni túmọ̀ fún yín nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ní Gánà lọ́hùn-ún.

Ẹ rán mi wá sí Èkó kí n lè mọ ìlú baba mi, kí n sì bá Bàbá Kékeré ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: àbúrò Bàbá mi mọ iṣẹ́. Ìwọ̀n nìkan ni wọn ò fẹ́ gbọ́. Irin kan wà tó yọ jáde láti inú egungun kẹ̀kẹ́, tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ọrùn la máa ń pè é. Kì í gùn dọ́gba. Bó bá gùn jù fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ṣe lonítọ̀hún máa na tàntàn, kò sì ní lè fún bíréèkì dáadáa. Ọ̀gá tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé ní Kùmásí kọ́ mi pé kí ènìyàn fi ìgúnpá ti ṣóńṣó ìjókòó, kó na ìka síwájú, ká wá wọn àyè tó kù kí ìka kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bàbá Kékeré ní ojú làwọn fi ń wọ̀n ní tàwọn, ojú àwọn ò sì tíì fọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, Bàbá Àdùkẹ́ mú kẹ̀kẹ́ tuntun wá. Ọmọ wọn, Tíṣà Àdùkẹ́, ló fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Ẹgbẹ́ mi ni, ènìyàn kúkúrú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ga bí àkàbà. Ta ni Bàbá Kékeré gbé gorí kẹ̀kẹ́ láti wò? Bàbá ni! Wọ́n ní ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ là ń bu ọlá fún, ọmọ ò lè kọ́kọ́ jókòó kí bàbá tó jókòó. Wọ́n de ọrùn ínṣì mẹ́rin mọ́ ọn, ó bá Bàbá mu wẹ́kú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa gùn ún gan-an? Bàbá Àdùkẹ́ bi mí bóyá ní Gánà, àwọn ọmọ ló ń bí bàbá wọn.

Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ní kí n wọn òun. Mi ò ní nǹkan ìwọ̀n, ni mo bá sáré yá rúlà onígi lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo gbé e lé apá rẹ̀: ìka rẹ̀ fi ínṣì mẹ́ta jìnnà sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kí n tó mọ̀, Bàbá Àdùkẹ́ ti já rúlà gbà, wọ́n ń bi mí bóyá pósí ni mo fẹ́ kàn fún ọmọ àwọn. Ìyá alákàrà tó wà lódìkejì ń ká ọwọ́ borí, ó ń pariwo pé orí òun kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ pósí ni gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn ń ṣe jù, gbogbo àdúgbò ló mọ rúlà rẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Màámi, mo gbà, ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Ká ní mo mọ̀ ni, téèpù télọ̀ ni ǹ bá yá. Mo tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lé mi síta, wọ́n sì fi ọrùn gígùn yẹn sílẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Àdùkẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ síbi ojú irin rélùwéè, lọ́rì kan yọ sí i. Ó na ìka, ó na ìka, agbára ò dé ọwọ́. Ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: rúlà mi ló pè é! Ṣé rúlà ló wà lórí kẹ̀kẹ́ ni? Ṣé rúlà ló jìnnà sí i ní ínṣì mẹ́ta? Kò sí ẹnì kan tó yẹ ọrùn yẹn wò. Ìyá alákàrà kì í tà fún mi mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ òfúrufú tó ń kọjá lókè nìkan ni mò ń wò bí ẹni ń wo ojúlùmọ̀.

Mo lọ kí Àdùkẹ́. Ó ní òun mọ ohun tó mú òun ṣubú, òun ò kàn lè là á mọ́ bàbá òun lójú, kí èmi kọ ọ́. Òun ló bá mi fi àmì ohùn sórí àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí wọ́n bá tú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ òun, iṣẹ́ ń dúró de òun ní Ìsọlọ̀. Mo béèrè pé kẹ̀kẹ́ wo ló fẹ́ gùn. Ó ní ọ̀kan náà ni. Mo wò ó lẹ́yìn ilé wọn. Ọrùn ínṣì mẹ́rin ṣì wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Bàbá Kékeré ní kí n wá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé ọwọ́ mi ò dára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn máa dá mi padà sí Kùmásí. Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀, ẹ má sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Mo máa dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àdùkẹ́, torí àgbà ni wọ́n. Mo máa bẹ̀ wọ́n nítorí rúlà. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ìwọ̀n mi burú, mi ò sì ní dìde nílẹ̀ títí ẹnì kan fi máa mú sípánà tú ọrùn yẹn kúrò.

Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rí ara wa láyọ̀. Ẹ kí tilé tọ̀nà, ẹ kí àwọn tó dúró gbọ́ lẹ́tà ìjọ́sí.

Èmi ni ọmọ yín,
Láṣùn