Ìyàwó Ọmọ Mi Lọ́jà Pàṣípààrọ̀

Qochapata,
Òkè Lares,
18 Oṣù Kẹjọ, 2009.

Saturnina, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Baba Edwin ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Mo mọ̀ pé òtútù Arequipa kò le tó tiwa, nítorí náà mi ò ní bá ọ kẹ́dùn lórí ìyẹn. Àwa náà wà, àfi ẹsẹ̀ mi ọ̀tún tó yẹ̀ nígbà tí mò ń lé àwọn láámà wọ agbo. Ẹni tó tò ó ní n kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún oṣù kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àpò ṣúnyò mẹ́fà ló wà nílẹ̀, pòtétò tí a fi òtútù òru àti oòrùn ọ̀sán gbẹ, ṣùgbọ́n àgbàdo ti tán nínú ilé. O mọ̀ pé àgbàdo kì í hù lókè níbí. Bí a kò bá rí i pààrọ̀ ní ọjà Lares, ebi ni. Wilber ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń la títì, kò lè wálé. Ó ku Nélida ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìgboro tó ń fowó ra ohun gbogbo láti kékeré. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó bi mí bóyá òṣì ló mú wa máa pààrọ̀ ọjà. Ó dùn mí.

Òun náà ló ní òun á lọ. Mo ní kó wá Gumercinda, alágbàdo ìsàlẹ̀ òkè, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń pààrọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, kó má sì gbàgbé láti gba èènì. Ó da láámà mẹ́fà síwájú, ó lọ.

Eusebia, aládùúgbò wa tó bá a lọ, ló ròyìn fún mi. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù wọjà, ó ń fowó ra ṣúnyò. Ó na igba sóólì sí Nélida fún àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Eusebia ní ojú ọmọ náà kò kúrò lára owó. Nélida wá yíjú sí Gumercinda.

"Ìyá, tí mo bá gba owó yìí, ṣé ẹ máa ta àgbàdo fún mi?"

"Èmi? Ṣé torí owó ni mo ṣe gun ìbaaka wá síbí? Kò sẹ́ni tó ń ta ṣúnyò nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá kó o fún onímọ́tò tán, ṣé owó ni màá sè fáwọn ọmọ mi?"

Nélida dá owó padà. Ṣùgbọ́n àpò mẹ́ta péré ni Gumercinda fẹ́. Okùn ìdìrù ló kù tó ń wá, Nélida kò sì ní okùn. Èmi ì bá bẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ yìí rìn yí ọjà ká títí ó fi rí bàbá arúgbó kan, Melquíades, tó ń fi irun láámà lọ́ okùn, tó sì ń wá ṣúnyò. Ó fi àpò mẹ́ta tó kù gba okùn lọ́wọ́ bàbá, ó kó o fún Gumercinda, ó gba àgbàdo.

Saturnina, nígbà tí Nélida dé, ẹsẹ̀ kan ni mo fi tọ dé ẹnu ọ̀nà! Àgbàdo ló wà lẹ́yìn gbogbo àwọn láámà náà, ọsàn àti kọfí sì jẹ́ èènì. Nélida jókòó, ó ní, "Màmá, mo ti wá mọ̀ ọ́n o. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹlòmíì ṣaláìní." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sẹ́ni tó kọ́ Nélida ní ọgbọ́n yìí.

Gumercinda sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n fara balẹ̀ sinmi, pé òun ti rí ẹni tí àwọn á jọ máa pààrọ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún! Ó ká mi lára díẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ti wá kí mi láti àná ni mo ti sọ ọ́ fún, títí kan àwọn tí kò béèrè.

Bá mi kí Baba Edwin àti àwọn ọmọ. Nélida ní kí n kí ọ.

Èmi ni, tìrẹ títí ayé,
Hilaria.