Ẹ Jẹ́ Ká Wá Kí Yín: Ìwé Ẹgbẹ́ Nàgó Oníṣẹ́ Wọ́ọ̀fù sí Ará Ilé Casimir Adélékan

Kútọnu, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1952

Ìyá Irène, àti gbogbo ará ilé,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ojú tó ń tì wá, ni ẹgbẹ́ wa gbọ́ pé Casimir ọkọ yín fi ayé sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi Adéògún, bàbá ẹgbẹ́, ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ẹ má wo bó ṣe rí, mi ò pẹ́ níléèwé. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá kú, Casimir ló ń bá wa kọ irú ìwé yìí.

Ó sìn wá o. Nígbà tí àpótí já lu Múrítàlá lẹ́sẹ̀ lórí wọ́ọ̀fù níbi tí a ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Casimir kọ ìwé Faransé sí bíró, títí wọ́n fi fún un ní iṣẹ́ ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ṣì ti ń jẹun.

Ẹ mọ ohun tó pín wa níyà. Ọjọ́ Ìsinmi, Casimir a lọ sí abúlé Ekpè, a jókòó sábẹ́ igi, a máa wo ọ̀bọ. Ó tún ń ka ìwé àwọn òyìnbó tó ń wádìí bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wá sọ nípàdé pé ọ̀bọ tó ń ṣa iná inú irun lára èkejì, kì í ṣe iná nìkan ló ń wá. Ó ń sọ fún un pé a jọ wà ni. Ó ní ibẹ̀ ni kíkí tiwa ti ṣẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀. Pé nígbà tí èrò pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè kárí, ẹnu gba iṣẹ́ ọwọ́ ṣe.

Rájí, àgbà kan nínú ẹgbẹ́, bi í bóyá ọ̀bọ ló bí ìyá ẹ̀. Casimir rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Rájí, mi ò ní ọ̀bọ bí wa. Mo ní ẹnì kan ló bí àwa àti wọn, ó ti pẹ́ ju kẹ́nikẹ́ni rántí lọ."

Èmi ni mo dìde. Mo ní bí kíkí ò bá ju ṣíṣa iná lọ, kẹ́nikẹ́ni má kí i mọ́. Ọdún méjì àtoṣù mẹ́rin. Àràárọ̀ ló ń kí wa, a ò dáhùn. Nígbà tó yá, ó ń gba etí òkun lọ síbi iṣẹ́ kó má baà pàdé wa. Mo rí i bó ṣe ń rù. Wọ́n ní ibà ló pa á. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀.

Ìyá Rasidat, ìyàwó tèmi, ti kú, àwọn ọmọ wà l'Ékòó. Tí mo bá ti tilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa kí mi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wá yé mi, kò sì wúlò fún un mọ́.

Ọláníkẹ́ tí ẹ rán sí wa sọ fún wa pé ẹ ò fẹ́ rí ẹgbẹ́ níbi òkú. Ẹ jàre. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà, àwa la ó gbẹ́ ilẹ̀, àwa la ó gbé pósí, àwọn ìyàwó wa á sì máa wá bá yín jókòó títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Bí ẹ ò bá gbà, a ṣì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ìta ọgbà la máa dúró sí. Kálukú á kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kú ará fẹ́ra kù, títí á fi kan èmi. Ẹ lè má dá wa lóhùn. Àwa náà ò dá a lóhùn.

Kí Olúwa tó dá ọ̀bọ, tó dá èèyàn, wọlé tọ̀ yín níbi tí àwa ò lè wọ̀, kó tu ẹ̀yin àti Irène nínú. Àmín.

Adéògún, fún gbogbo ẹgbẹ́